Ìwé tí Màmá tẹ̀ka sí ní àgọ́ ọlọ́pàá

Ìbéèrè tí arábìnrin kan láti Ìyìn-Èkìtì fi ránṣẹ́ sí mi nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ gbogbo ènìyàn kúrò nínú rẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin lọ́yà wa. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá rèé tí mọ́tò gbá ìyá mi, ẹni ọdún 64. Wọ́n jókòó ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, ni Sienna akérò kan tó ń bọ̀ láti Adó bá yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì lọ bá wọn níbẹ̀. Dírẹ́bà ní táyà ló bẹ́. Ilé ìwòsàn aládàáni tí a kọ́kọ́ sáré gbé wọn lọ ní àfi kí a san 50,000 náírà kí àwọn tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ní ọjọ́ kẹrin, dírẹ́bà kó àwọn àgbà wá bẹ̀ wá, ó mú 80,000 náírà dání. Wọ́n kọ ìwé kan ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìyá mi sì tẹ̀ka sí i. Wọn ò mọ̀wé. A wá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò tò. Dókítà ti ní àfi kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n fi irin sí i, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Dírẹ́bà kò gbé fóònù wa mọ́. Ẹni tó ni mọ́tò ní òun kọ́ ló wà á. Ọlọ́pàá ní ọ̀rọ̀ ti parí nítorí ìwé yẹn. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin wá ń sọ pé àwọn á lọ gba kọ́kọ́rọ́ Sienna náà ní gáréèjì. Ṣé òótọ́ ni pé a ò lè rí nǹkan kan gbà mọ́?”

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, arábìnrin mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n tún fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sọ́jà.

Kì í ṣe òótọ́. Ẹ ṣì lè gbà, ọ̀nà rẹ̀ sì wà nínú òfin. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ̀nà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn àbúrò yín jókòó lónìí olónìí, kí ẹ ní kí wọ́n má ṣe dé gáréèjì yẹn. Mo mọ̀ pé inú ń bí wọn. Bí ó bá jẹ́ ìyá tèmi ni, inú á bí èmi náà. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fipá gba kọ́kọ́rọ́, tàbí tí wọ́n fọ́ gíláàsì kan ṣoṣo, ẹjọ́ á yí padà mọ́ yín lọ́wọ́. Ìdílé kan wá bá mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀kadà gbá ọmọ wọn, àwọn ọ̀dọ́ ilé sì lọ dáná sun ọ̀kadà náà. Ọdún kan àbọ̀ la fi ń sáré kí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà má bàa ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tí a fi máa bọ́ nínú ìyẹn, owó ti tán, kò sì sí ẹni tó tún ní agbára àtibéèrè nǹkan kan nítorí ọmọ tí wọ́n gbá. Mi ò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ìwé náà.

Bí mọ́tò bá gbá ènìyàn, ẹjọ́ méjì ló máa ń bí. Èkíní wà láàárín ìjọba àti dírẹ́bà: ṣé ó wa ìwàkuwà, ṣé ó yẹ kí wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́? Iṣẹ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Èkejì wà láàárín Màmá àti àwọn tó jẹ wọ́n lówó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú. Èyí kì í ṣe ti ọlọ́pàá, wọn ò sì ní agbára láti pa á dé. Bí ọlọ́pàá bá ní ọ̀rọ̀ ti parí, ohun tó ń sọ kò ju pé òun ti ti fáìlì òun lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn nítorí ó ní ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú: ẹ má lọ bẹ ọlọ́pàá pé kí wọ́n lọ ti olówó mọ́tò mọ́lé títí yóò fi san gbèsè. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ gbangba pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti gbèsè tàbí àdéhùn lásán.

Ìwé tí Màmá tẹ̀ka sí, àdéhùn ni. Mi ò ní tàn yín pé bébà lásán ni. Bí ẹni tó mọ̀wé, tó mọ bí ara òun ṣe bàjẹ́ tó, bá gba owó, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti gba gbogbo ohun tó tọ́ sí òun, ó máa ṣòro kí adájọ́ tó tú u. Ti Màmá yàtọ̀. Ọjọ́ kẹrin péré ni, kò tíì sí ẹni tó mọ̀ pé eegun náà kò ní tò. Ara ríro ni wọ́n fi tẹ̀ka. Pabanbarì rẹ̀ sì ni pé wọn ò mọ̀wé.

Ó ti pẹ́ tí òfin kan ti wà lọ́dọ̀ wa tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kí ó túmọ̀ rẹ̀ títí yóò fi yé e, kí ó tó tẹ̀ka. Lẹ́yìn náà, ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tó ń gbé sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Nítorí náà, ẹ lọ béèrè ẹ̀dà ìwé yẹn, kí ẹ sì wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ṣé ẹ rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé lágbájá ló kọ ìwé yìí, pé ó kà á fún Màmá lédè Yorùbá, pé ó sì yé wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka? Èyí tí mo sábà máa ń rí ni Gẹ̀ẹ́sì láti òkè délẹ̀, ìka dúdú kan ní ìsàlẹ̀, àti orúkọ ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n tẹ̀lé dírẹ́bà wá. Bí ti Màmá bá rí bẹ́ẹ̀, ó máa nira gan-an fún ẹnikẹ́ni láti fi ìwé náà dè wọ́n. Ẹ tún ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ìwé mìíràn kò sọ ju pé ‘mo gba 80,000 náírà fún ìtọ́jú’ lọ. Ẹni tó gba owó ìtọ́jú kò tíì sọ pé ìtọ́jú ti tán.

Ẹ má ṣe sẹ́ 80,000 náírà náà o. Ẹ gbà á, ẹ ti ná an, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Wọn á yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ẹ bá máa gbà ni. Irọ́ kékeré kan lórí owó yìí lè ba òtítọ́ ńlá tó kù jẹ́ lójú adájọ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀bẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkìtì ti ń pàdánù. Àgbà mẹ́ta á wọlé, wọ́n á ṣí fìlà, ọ̀kan á ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Wọ́n á ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á ní ọmọdé ni dírẹ́bà, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ta ló máa wo ojú irú àwọn bẹ́ẹ̀ kí ó ní òun kò gbà? Ẹ gbà. Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí: ẹ gba ẹ̀bẹ̀, ẹ dárí ji dírẹ́bà tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fa bírò yọ, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀bẹ̀ ti wọlé, ó ku dókítà. Bí ó bá di dandan kí ẹ kọ nǹkan nítorí owó tí wọ́n mú wá, kí ó jẹ́ gbólóhùn kan péré: ‘Mo gba iye báyìí fún ìtọ́jú títí di òní, ìtọ́jú ṣì ń lọ lọ́wọ́.’ Àgbà tó bá wá tọkàntọkàn kò ní bá yín jà nítorí gbólóhùn yẹn.

Ta ló wá jẹ Màmá lówó? Dírẹ́bà jẹ wọ́n, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà tí kò gbé fóònù mọ́, kí ló fẹ́ rí san? Ẹni tó ni mọ́tò ló yẹ kí ẹ wò. Ó ní òun kọ́ ló wà á, àfi bí ẹni pé ìyẹn ti yọ ọ́. Kò yọ ọ́. Bí ẹlòmíràn bá ń wa mọ́tò ẹni, ibi tí òfin ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ẹni tó ni mọ́tò ló ń ṣe, àfi bí ẹni tó ni ín bá mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé Sienna fún dírẹ́bà kó máa fi kérò, tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nígbà tí mọ́tò yẹn gun ẹ̀bá títì. Ó lè sọ pé òun ti tà á fún dírẹ́bà, pé díẹ̀díẹ̀ ló ń sanwó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí ó mú ìwé àdéhùn wá, kí ẹ sì wo orúkọ ẹni tó wà lára ìwé mọ́tò ní ọjọ́ tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà mọ́tò fi ṣe pàtàkì ju orúkọ dírẹ́bà lọ. Orúkọ dírẹ́bà lè jẹ́ ìnagijẹ, nọ́ńbà ló máa mú yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ọ̀nà kẹta ni mo fẹ́ràn jù, òun sì ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ìwé inṣọ́ránsì tí àwọn awakọ̀ ń pè ní third party, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwé tí wọ́n fi ń bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá lójú ọ̀nà ni. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í tún mọ́tò ẹni tó rà á ṣe. Nítorí ẹni tí mọ́tò náà bá ṣe léṣe ni wọ́n fi ṣe é, nítorí ẹni tó jókòó ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lẹ́bàá títì. Òfin Nàìjíríà kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1945 ló sọ ọ́ di dandan fún gbogbo mọ́tò tó ń rìn lójú títì, òfin inṣọ́ránsì tuntun tí wọ́n ṣe ní ọdún 2025 sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, NAICOM, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì, sún owó rẹ̀ fún mọ́tò aládàáni láti 5,000 sí 15,000 náírà lọ́dún, wọ́n sì ní iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí ohun ìní tó bá bàjẹ́. Ẹ kíyè sí i, ti ohun ìní ni mílíọ̀nù 3 yẹn. Ẹsẹ̀ Màmá kì í ṣe ohun ìní, gbèdéke yẹn kò sì dè é.

Ẹ lè yẹ Sienna náà wò lórí fóònù yín lónìí. Ẹ tẹ *565*11#, kí ẹ sì tẹ̀lé ohun tó bá ní kí ẹ ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́tò náà. Ó máa sọ fún yín bóyá mọ́tò náà ní inṣọ́ránsì tòótọ́, torí ayédèrú ìwé rẹ̀ pọ̀ nígboro. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè, nítorí náà àwọn tó ní èyí tó dáa ti pọ̀ sí i. Bí ẹ bá rí i, lẹ́tà lọ́yà gbọ́dọ̀ dé iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì náà kí ẹ tó gbé ẹjọ́ lọ kóòtù. Iléeṣẹ́ tí kò gbọ́ nípa ẹjọ́ títí tí wọ́n fi dá a máa ń rí àwáwí ṣe. Bí wọ́n bá sì ń fi yín ṣeré, NAICOM ń gba ẹ̀sùn. Ẹ tún wo àwọ̀ nọ́ńbà Sienna náà. Pupa ni ti akérò, búlúù ni ti aládàáni. Bí ó bá jẹ́ búlúù ló fi ń kérò, iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì lè fẹ́ fi ìyẹn bá yín jiyàn. Kí ẹ tètè sọ fún lọ́yà yín, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa bá a lójijì.

Ó wá ku táyà tó bẹ́. Dírẹ́bà máa sọ ọ́ bí ẹni pé àmúwá Ọlọ́run ni, àwọn kan nínú ìdílé yín pàápàá sì ti lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rọra wò ó. Mọ́tò tó bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀ kì í fò lọ bá ìyá arúgbó níbi tó jókòó sí. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, òfin gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ń fẹnu ara rẹ̀ rojọ́, dírẹ́bà àti ẹni tó ni mọ́tò ló sì kù tó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Kò tó kí wọ́n sọ pé táyà bẹ́. Kí ló bẹ́ ẹ? Ọdún mélòó ni táyà náà ti lò? Eré mélòó ni mọ́tò ń sá?

Gbogbo táyà ló ní nọ́ńbà mẹ́rin kan lára, nínú àpótí róbóróbó kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀lé e ni ọdún. Bí ẹ bá rí 3217, ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ń sọ ọ́ tipẹ́ pé táyà kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́rin lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà nígboro, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gúnlẹ̀ sí Èkó rárá. Ẹni tó fi irú táyà bẹ́ẹ̀ kérò gba ojú ọ̀nà yẹn, tó ń sáré wọ ìlú níbi tí òfin ti ní kí mọ́tò má ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé e lé Ọlọ́run lórí.

Ẹ lè ní mọ́tò ti kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ti pààrọ̀ táyà. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí àwọn VIO, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ mọ́tò wò, bá yẹ mọ́tò náà wò nígbà tó wà níbẹ̀, wọ́n á ti kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Bí FRSC bá dé ibẹ̀, àwọn náà ní àkọsílẹ̀. Ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí lè ti ya àwòrán ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n láti ibi tí táyà ti fa ilẹ̀ dé ibi tí Màmá ṣubú sí. Kí lọ́yà yín kọ lẹ́tà béèrè gbogbo rẹ̀. Ẹ tún wá àwọn tó wà níbẹ̀: ẹni tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, fọkanáísà tó sáré wá, ọmọ tó fi fóònù ya fọ́tò. Inú fóònù irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti lè rí táyà náà, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ tètè béèrè kí ó tó pààrọ̀ fóònù.

Wọ́n lè yí i padà mọ́ yín lọ́wọ́, kí wọ́n ní Màmá jókòó sún mọ́ ọ̀dà jù. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, adájọ́ lè yọ díẹ̀ nínú owó tó yẹ kí wọ́n gbà, ní ìwọ̀n ibi tí ẹ̀bi wọn bá mọ. Ẹ sọ ibi tí wọ́n jókòó sí gẹ́lẹ́ fún lọ́yà yín, ẹ má ṣe sún wọn sẹ́yìn lẹ́nu.

Ní ti owó, ọ̀nà méjì ni kóòtù ń gbà ṣírò rẹ̀. Èyí tí ẹ ti ná, kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Kóòtù kì í fojú bù ú. Ibí yìí ni mo ti rí àwọn tó ń sunkún. Wọ́n ná owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi rìsíìtì wé àkàrà. Ẹ wá ike tàbí náílọ́ọ̀nù kan tó nípọn, kí gbogbo bébà máa wọnú rẹ̀: káàdì ilé ìwòsàn, rìsíìtì oògùn, owó àwòrán eegun, ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn. Rìsíìtì bébà wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ jáde máa ń pa rẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, nítorí náà ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á.

Bàbá tó ń to eegun ńkọ́? Mo mọ̀ pé kò fún yín ní rìsíìtì, wọn kì í fúnni. Ẹ padà lọ bá a pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ ní kí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tó mọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí Màmá dé, ọjọ́ tí wọ́n lọ, iye tí ó gbà, orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀. Kí wọ́n kà á fún un kí ó tó tẹ̀ka, kí ọmọ náà sì fi orúkọ tirẹ̀ sí i. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, àkọsílẹ̀ báńkì yín jẹ́ ẹ̀rí. Owó ọ̀kadà láti ilé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan lójoojúmọ́.

Ẹ má gbàgbé òwò Màmá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọn kò tíì rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan tà. Ẹni tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wọn lè wá sọ iye ìdì tí wọ́n ń rà lọ́sẹ̀ àti iye tí wọ́n ń rà á. Ìyá tí wọ́n jọ ń tajà lè sọ èrè tó máa ń kù. Mo ti rí adájọ́ tó gba ẹ̀rí irú wọn torí pé ẹnu wọn kò yà.

Ọ̀nà kejì ni ìrora, oorun tí wọn kò rí sùn, ìkúnlẹ̀ àdúrà tí wọn kò lè kúnlẹ̀ mọ́. Èyí kò ní rìsíìtì. Adájọ́ ló máa wò ó. Ìwé dókítà tó sọ bí ẹsẹ̀ náà ṣe máa rí lọ́jọ́ iwájú ló máa ràn yín lọ́wọ́ jù.

Ilé ìwòsàn tó ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ san 50,000 náírà rú òfin, bí ó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe sọ ọ́ ló rí. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ẹ lè fi ẹ̀sùn sùn ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera ní Adó. Bí ẹ bá ní ẹ ò ní agbára ogun méjì pọ̀, ó yé mi. Ẹ kàn kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Ẹ̀gbọ́n kan á dìde nínú ìdílé, á ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mi ò bá a jiyàn, àwa lọ́yà gan-an mọ̀ pé òótọ́ ni. Àmọ́ irú ẹjọ́ yìí kì í sábà dé iwájú adájọ́. Lẹ́tà lọ́yà tó kún, tí rìsíìtì àti ìwé dókítà wà nínú rẹ̀, ló máa ń mú ẹni tó ni mọ́tò àti iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì jókòó. Dírẹ́bà yẹn kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ yín tẹ́lẹ̀.

Bí owó lọ́yà bá jẹ́ ìṣòro, àjọ Legal Aid Council ní ọ́fíìsì ní Adó-Èkìtì. Ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè, èyí tó ti di 70,000 náírà láti ọdún 2024, ẹjọ́ ìjàǹbá sì wà lára èyí tí òfin ní kí wọ́n gbà. Ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lẹ́bàá títì, tí kò sì rí tà mọ́, ó yẹ kí ẹ gbìyànjú ibẹ̀. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú àwọn tó ń dúró káàkiri àgọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n ní àwọn á bá yín gba owó kí ẹ fún àwọn ní ìdajì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́. Òfin ní iye ọdún tí ẹjọ́ fi lè wà láàyè. Èmi kì í jẹ́ kí oníbàárà mi dúró tó ọdún kan, torí ẹlẹ́rìí a máa kó lọ, fáìlì a sì máa sọnù. Ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí, tó jẹ́ pé mọ́tò ìjọba tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ ló gbá ènìyàn rẹ̀, kí ó tètè sáré wá lọ́yà ju báyìí lọ, torí oṣù mẹ́ta péré ni òfin sábà máa ń fúnni láti pẹjọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ènìyàn rẹ̀ sì kú, ẹ̀tọ́ kò bá a wọ sàréè: ọkọ, ìyàwó, ọmọ àti òbí rẹ̀ lè béèrè.

Ohun kan ṣì wà tí kò lè dúró de lọ́yà, arábìnrin mi. Kí wọ́n tó gbé Màmá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, kí ojú wọn hàn nínú ọ̀kan. Ẹ gba àwòrán eegun tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, kí ẹ fi pamọ́ síbi tí òjò àti oòrùn kò ti ní kàn án. Bí irin bá ti wọnú rẹ̀, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe tún lè ya bí eegun yẹn ṣe rí lọ́jọ́ tí mọ́tò fi í sílẹ̀.